Má pín wọn sí méjì: ìtàn ìwáṣẹ̀ àti sci-fi nínú ṣálẹ́ǹjì ọdún kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ki ara mi bọ ṣálẹ́ǹjì ìwé kíkà lọ́dún yìí, ìwé 40, mo wá pín in sí méjì, 20 fún ìtàn ìwáṣẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní tún sọ, 20 fún sci-fi, ìyẹn ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì. Àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ yẹn ti ń sú mi, ogun Troy tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ jà, ogun Troy ṣáá, àfi bíi pé ìwé kan náà ni mò ń kà. Sci-fi ní tiẹ̀, kí n tó dé ojú ìwé 30 orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti dà mí lórí rú. Mo ti wà lẹ́yìn gan-an. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ ka àwọn ìtàn àtijọ́ gangan ni? Ṣé ìwé kékeré àti ìwé tí wọ́n ń kà sí èèyàn létí wà lára iye? Àbí kí n kàn fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?

Àbúrò mi, má fi sílẹ̀ o, kò tíì bàjẹ́ rárá. Ìwé 40 pọ̀ lóòótọ́, a máa débẹ̀, àmọ́ lójú tèmi nọ́ńbà kọ́ ló ń sú ẹ, bó o ṣe pín in ni. O kó ìtàn ìwáṣẹ̀ jọ sápá kan, o kó sci-fi jọ sápá kejì, o wá ń mú wọn léra wọn láti apá kan náà, ta ló máa ka ìwé mẹ́ta tẹ̀ léra lórí ogun kan ṣoṣo tí kò ní sú u? Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o máa so wọ́n ní méjì-méjì, ìtàn ìwáṣẹ̀ kan, sci-fi kan, kí àwọn méjèèjì jọ máa fa ọ̀rọ̀ kan náà. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ á ti là ọ̀nà fún ìkejì, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dà ẹ́ láàmú mọ́ torí wàá ti mọ nǹkan tó ò ń wá lọ sínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí wọ́n jọ máa fà? Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tíì rí nǹkan tó ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé yìí tó òwe yẹn. Ìtàn àtijọ́ gbọ́ tẹnu ẹnì kan, ó dájọ́, ó kọjá lọ, ẹni tó wá ń tún un sọ lónìí ló lọ pe ẹnì kejì wá pé òun náà, kí lo rí?

Wo Iliad, ewì gígùn lórí ogun Troy tí wọ́n ní Homer akéwì Gíríìsì àtijọ́ ló kọ ọ́. Orí 24 ló ní, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ ní orí kìíní, nítorí obìnrin kan ni, Briseis, tí Achilles, akọni ọmọ ogun Gíríìsì, kó lẹ́rú, tí Agamemnon ọ̀gá ogun wọn wá fipá gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ìbínú Achilles, gbogbo òkú tó sùn nítorí ìbínú yẹn, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló fà á, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú odindi ìwé, ní orí 19, níbi tó ti ń sunkún Patroclus ọ̀rẹ́ Achilles tó kú, ó sọ ọ́ tán ó dákẹ́, wọ́n ń bá ogun wọn lọ. Pat Barker wá kọ The Silence of the Girls ní 2018, ó jẹ́ kí Briseis fúnra ẹ̀ máa sọ ọ́. Ogun kan náà ni, àgọ́ kan náà, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pín bí ẹrù lo jókòó sí báyìí.

Èyí tó máa ń mú mi lọ́kàn jù ni ti Odyssey, ewì Homer kejì, lórí bí Odysseus ṣe padà sílé láti ogun Troy, orí 22. Odysseus ti dé láti ìrìnàjò, ó ti pa àwọn ọkùnrin tó ń dẹnu kọ ìyàwó ẹ̀. Nínú 50 ìránṣẹ́bìnrin tó wà nínú ilé, wọ́n tọ́ka sí 12 pé àwọn yìí bá àwọn ọkùnrin yẹn sùn. Wọ́n ní kí àwọn 12 yìí kọ́kọ́ gbé òkú síta, kí wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára tábìlì àti àga, ìgbà tí wọ́n ṣe é tán, Telemachus ọmọ Odysseus so gbogbo wọn kọ́. Akéwì yẹn fi wọ́n wé ẹyẹ tó kó sínú okùn, ó ní ẹsẹ̀ wọn jà díẹ̀, kò pẹ́. Ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sùn tẹ́lẹ̀. Margaret Atwood mú ìlà díẹ̀ yẹn ní 2005, ó fi kọ The Penelopiad, Penelope ìyàwó Odysseus ń sọ tiẹ̀ láti ibi táwọn òkú wà, àwọn 12 náà ń dá sí i, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣeré, ó tiẹ̀ wá débì kan tí wọ́n gbé Odysseus lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gangan, pẹ̀lú adájọ́! Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lè gbà ẹ́ lákòókò. Àwọn tó ń sọ pé títún ìtàn sọ ò yàtọ̀ sí kíkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń dùn mí, torí ìwé bíi èyí ń rí nǹkan tó ti wà níwájú gbogbo ayé látayébáyé tí ojú gbogbo wa sì ń fò ó.

Ó dáa, wá fẹsẹ̀ kan tẹ sci-fi pẹ̀lú òwe kan náà. Frankenstein tí Mary Shelley gbé jáde ní 1818, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ìwé sci-fi àkọ́kọ́, orúkọ kejì tó wà lára ẹ̀ ni The Modern Prometheus, ìyẹn ni pé òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ ló so ó mọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì, èmi kọ́ ni mò ń fipá so ó. Prometheus yẹn ló jí iná fún ọmọ èèyàn, wọ́n dè é mọ́ àpáta, ẹyẹ idì ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀, nínú bí Ovid akéwì Róòmù ṣe sọ ọ́ sì rèé òun ló fi amọ̀ mọ èèyàn. Mary Shelley wá ní kò burú, ẹni tó mọ èèyàn la ti ń gbọ́ tiẹ̀, ẹni tí wọ́n mọ yẹn ńkọ́? Láàárín ìwé náà, orí òkè yìnyín, ẹ̀dá tí Victor Frankenstein dá tó sì sá fún jókòó tì í, ó ní kó gbọ́ tòun. Ó wá ń ròyìn bó ṣe fara pa mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn kan, tó ń yọjú wò wọ́n láti ojú ihò ara ògiri, tó fi bẹ́ẹ̀ kọ́ èdè, tó fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ràn ara wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ orúkọ Frankenstein látinú fíìmù ò mọ̀ pé ẹ̀dá yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti The Penelopiad bọ́ síbẹ̀ tààrà, wàá rí i pé iṣẹ́ kan náà ni.

Tí Frankenstein bá wá ti pẹ́ jù lójú ẹ, All Systems Red ti Martha Wells wà, 2017, kékeré ni, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀, apá kan ẹ̀rọ, apá kan ẹran ara, iléeṣẹ́ kan ló ni ín tí wọ́n ń fi yáni, ó ti já nǹkan tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo nǹkan tó wá fi òmìnira ẹ̀ ṣe ni pé ó ń wo fíìmù àtìgbàdégbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ò lè dí ẹ lọ́wọ́ torí ohùn ẹ̀ṣọ́ yìí ló ń gbé ìwé náà lọ. Tó o bá fẹ́ ìtàn ìwáṣẹ̀ tó máa bá a rìn, àwọn ará Gíríìsì ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó lálàá kọ̀ǹpútà. Nínú Iliad orí 18, Hephaestus alágbẹ̀dẹ àwọn òrìṣà ní àwọn wúńdíá tó fi wúrà rọ, wọ́n ní làákàyè, wọ́n ní ohùn, wọ́n ní agbára, àwọn ló máa ń dì í mú tó bá ń rìn torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dáa. Talos náà wà, òmìrán tí wọ́n fi idẹ ṣe tó ń ṣọ́ erékùṣù Crete, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń yí i ká, iṣan kan ṣoṣo ló gba ara ẹ̀ kọjá láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ìṣó idẹ ni wọ́n fi dí ìdí ẹ̀. Àwọn kan sọ pé Medea, obìnrin onídán kan, ló tàn án tó yọ ìṣó yẹn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà, ó kú. Lọ wá ìtàn Talos kà kó o tó ṣí All Systems Red, kó o wá bi ara ẹ pé láàárín Talos àti ẹ̀ṣọ́ yìí, ta ni wọ́n tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó fẹ́ ṣọ́ ohunkóhun.

Òǹkọ̀wé kan wà tó ṣe méjèèjì, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lo fẹ́ mọ̀ lọ́dún yìí mọ Ursula Le Guin. Ó kọ Lavinia ní 2008. Nínú Aeneid, ewì gígùn ti Virgil akéwì Róòmù, nítorí Lavinia ni Aeneas, akọni tó sá kúrò ní Troy, ṣe jagun ní Ítálì, òun ló sì fẹ́ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ọmọbìnrin yẹn ò sọ ọ̀rọ̀ kan títí ìwé fi parí, ẹ̀jẹ̀ kàn sáré sójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Le Guin fún un lẹ́nu, ó tiẹ̀ jẹ́ kó pàdé akéwì tó kọ ọ́, tí akéwì ọ̀hún ń kú lọ, tó wá ń rí i pé òun ò mọ ọmọ yìí rárá. Obìnrin kan náà yìí ló kọ The Left Hand of Darkness ní 1969, sci-fi gidi, Genly Ai tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì olótùútù kan tí àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin kì í ṣe obìnrin àyàfi ọjọ́ díẹ̀ láàárín oṣù. Mo mọ̀ pé ìwé yìí lè wà lára àwọn tó dà ẹ́ lórí rú, torí ojú ìwé àkọ́kọ́ pàá ló ti kó orúkọ ìlú, orúkọ oyè, orúkọ oṣù lé èèyàn lórí. Àmọ́ gbọ́, láàárín àwọn orí ìwé náà ló ti ń ki ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì yẹn bọ̀ ọ́, títí dórí bí wọ́n ṣe sọ pé ayé wọn bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ti lo oṣù díẹ̀ lórí ìtàn ìwáṣẹ̀, ibẹ̀ yẹn gan-an lara máa ti tù ẹ́. Genly Ai ló ń dájọ́ àwọn èèyàn yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó fura sí Estraven, ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀, ó ṣì í gbọ́, àwa tá à ń kà á náà ṣì í gbọ́, ó wá débì tí ìwé àkọsílẹ̀ Estraven fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ogun Troy yẹn, kúrò níbẹ̀ jàre. Ilẹ̀ Gíríìsì kọ́ ló ni gbogbo ìtàn ìwáṣẹ̀ ayé, àwọn tó ń ta ìwé ló kàn ń ta tiẹ̀ jù. Lọ sí Íńdíà: nínú Ramayana, ewì ìwáṣẹ̀ gígùn kan níbẹ̀, Kaikeyi ni ayaba tí gbogbo èèyàn ń bú, òun ló fi ẹ̀jẹ́ méjì tí ọba jẹ́ fún un gba ìtẹ́ fún ọmọ ẹ̀, tó sì ní kí wọ́n lé Rama àkọ́bí ọba lọ sínú igbó fún ọdún 14. Vaishnavi Patel kọ Kaikeyi ní 2022, obìnrin yẹn ló ń rojọ́ níbẹ̀. Ti Mahabharata, ewì ìwáṣẹ̀ Íńdíà míì, Chitra Banerjee Divakaruni fi The Palace of Illusions sí Draupadi lẹ́nu ní 2008, ìyẹn obìnrin tí arákùnrin márùn-ún jọ fẹ́. Tó o bá ti ka ọ̀kan nínú méjèèjì, sci-fi tó máa bá a lọ ni Lord of Light ti Roger Zelazny, 1967, níbi táwọn tó kọ́kọ́ dé pílánẹ́ẹ̀tì tuntun ti fi ẹ̀rọ sọ ara wọn di òrìṣà Íńdíà, wọ́n wá ń jọba lé àwọn tó kù lórí, ọ̀kan nínú wọn ló dìde tó ní irọ́ ni. Ó le díẹ̀, má kọ́kọ́ mú u. Tower of Babylon ti Ted Chiang ni kó o kọ́kọ́ mú, ìtàn kúkurú ni, ó wà nínú Stories of Your Life and Others ti 2002. Ilé ìṣọ́ Bábélì inú Bíbélì ni, àmọ́ Chiang ṣe é bíi pé bí àwọn ará àtijọ́ ṣe rò pé ọ̀run rí náà ló rí lóòótọ́, àwọn awakùsà ń gun ilé ìṣọ́ yẹn lọ fún oṣù mélòó kan títí oòrùn fi wà nísàlẹ̀ wọn, wọ́n fẹ́ lọ gbẹ́ òrùlé ọ̀run lu. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ sci-fi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

O béèrè bóyá kó o kọ́kọ́ ka àwọn ìtàn àtijọ́. Rárá, kì í ṣe odindi. Ibi tí ìwé tuntun ti mú ọ̀rọ̀ yọ ni kó o lọ kà: orí 19 nínú Iliad ká tó bẹ̀rẹ̀ Barker, orí 22 nínú Odyssey ká tó bẹ̀rẹ̀ Atwood, ìrọ̀lẹ́ kan tó o. Tó o bá wá fẹ́ odindi, mú Odyssey tí Emily Wilson túmọ̀ ní 2017, iye ìlà tí Homer lò lòun náà lò, ju 12,000 lọ, èdè ẹ̀ ò sì wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé tí o ò bá tíì ka Homer tán o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé tuntun, má dá wọn lóhùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìwé tuntun yẹn gan-an mú lọ sọ́dọ̀ Homer.

Ti sci-fi tó ń dà ẹ́ lórí rú, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ò ń gbìyànjú láti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ lójú ibi tó o ti pàdé ẹ̀. Òǹkọ̀wé ò retí ìyẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ẹ́ síbẹ̀ ni, á máa ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo nǹkan náà. Jẹ́ kó kọjá. Nǹkan mẹ́ta péré ni kó o máa ṣọ́ nínú 50 ojú ìwé àkọ́kọ́: kí ni àwọn èèyàn ibí lè ṣe táwa ò lè ṣe, ta ló ń jìyà ẹ̀, kí ni wọn ò gbọ́dọ̀ sọ síta. Tó o bá ti rí ìkejì yẹn, o ti rí ẹni tó yẹ kó o gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ìwé náà á ṣí. Orúkọ, kọ ọ́ sínú páálí kékeré kan kó o fi há ìwé náà, orúkọ àti ìlà kan ṣoṣo lórí ẹni tó jẹ́. Dune ti 1965 tiẹ̀ ní àlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé, àmọ́ ìwé ńlá ni o, fi sílẹ̀ di ìparí ọdún tàbí ọdún tó ń bọ̀.

Ìwé kékeré wà lára iye, pátápátá. Àwọn tó ń fún sci-fi lámì-ẹ̀yẹ Hugo gan-an ti pín in: ìtàn tí ò tó ọ̀rọ̀ 7,500 ní ipò tiẹ̀, láti ibẹ̀ dé 17,500 ní tiẹ̀, láti 17,500 dé 40,000 ní tiẹ̀, tó bá kọjá ìyẹn ló tó di ìwé ńlá, àwọn tó wà láàárín 17,500 sí 40,000 yẹn ni mo sì gbà pé sci-fi ti máa ń dára jù. Ìtàn kúkurú kan ṣoṣo ni mi ò ní kà sí ìwé kan, tó o bá ka mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àkójọ kan kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé kan, ó tọ́. Ìwé tí wọ́n ń kà síni létí náà, kí ló dé tí ò ní wà níbẹ̀? Ẹnu làwọn akéwì fi ń gbé Homer kiri tí àwọn èèyàn ń jókòó gbọ́ ọ, etí ló kọ́kọ́ gba ìtàn yẹn, ojú ló dé lẹ́yìn. Frankenstein wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ọ̀fẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, The Time Machine tí H. G. Wells kọ ní 1895 náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ohùn wọn ṣàánú ní LibriVox ti ka méjèèjì sílẹ̀, o ò ní san kọ́bọ̀. Ìwé tí orúkọ pọ̀ nínú ẹ̀ nìkan ni mi ò ní ní kó o fi etí bẹ̀rẹ̀, fi ojú ka orí méjì àkọ́kọ́ kó o tó bọ́ sórí etí.

Wàyí o, nọ́ńbà 40 yẹn. Dín in kù. Àwọn áàpù tí èèyàn fi ń ka iye ìwé tó kà ò ní bínú sí ẹ, lórí Goodreads o lè lọ yí iye tó o fi sílẹ̀ padà nígbàkígbà láàárín ọdún, StoryGraph tiẹ̀ jẹ́ kó o fi ojú ìwé tàbí wákàtí ṣe òdiwọ̀n dípò iye ìwé, èyí tí mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń ka sci-fi torí ìwé kékeré kan àti Dune ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwé 16 ni màá fi sílẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni ẹ, ìyẹn ìsopọ̀ méjì-méjì mẹ́jọ, ìsopọ̀ kan ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àyè á sì ṣẹ́kù láàárín fún ohunkóhun tó bá wù ẹ́ kà láìsí lórí lísìtì. Mi ò nífẹ̀ẹ́ sí àwọn ṣálẹ́ǹjì tó ń ní kéèyàn wá ìwé tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan, ó ń mú kéèyàn máa wá ìwé kiri dípò kó máa kà á, àmọ́ tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń mú inú ẹ dùn, ṣe é.

Èyí tó o bá kà dé ojú ìwé 50 tí kò wọlé, fi sílẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀, má kà á mọ́ iye, ṣùgbọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìlà kan lórí ìdí. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Tí mẹ́ta nínú wọn bá ní ìdí kan náà, bíi “mi ò mọ ẹni tí mo máa bá kẹ́dùn”, o ti mọ irú ìwé tí o ò gbọ́dọ̀ rà mọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, orí 22 nínú Odyssey ni kó o kọ́kọ́ kà lálẹ́ ọjọ́ kan, kó o bọ́ sórí The Penelopiad lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Tó o bá parí ẹ̀, má tíì mú ìtàn ìwáṣẹ̀ míì, ṣí Frankenstein, tí sùúrù ẹ bá fẹ́ tán níbẹ̀rẹ̀ torí lẹ́tà ni ẹnì kan ń kọ ránṣẹ́ ṣáá, rọra máa lọ títí Victor á fi dé orí òkè yìnyín yẹn. Nígbà náà ni kó o kọ̀wé sí mi, kó o sọ fún mi ẹni tó o dá láre.